Kẹ̀kẹ́ Tó Yá àti Ìbàdí Mi

Morìnsọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní àdúgbò Agric níbẹ̀, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Àwa nílé ò sùn, a ò wo. Ìyá rẹ ti wà ní ọsibítù l'Ẹ̀pẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, apá ọ̀tún rẹ̀ ò gbé mọ́. Mo rò pé wọ́n ti pè ọ́, àmọ́ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi ní kí n kọ ẹni tó sún mọ́ aláìsàn jù, mo sì kọ Agnes, nítorí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa. Àṣé òun ni wọ́n ń pè látìgbà náà, òun náà ò sì ní nọ́ńbà rẹ.

Aago mẹ́rin ni wọ́n ń lé àlejò jáde. Ọ̀kadà ò ya ọ̀nà wa mọ́, mo sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé oko ẹ̀gẹ́, ni mo bá lọ sọ́dọ̀ Tìrìmísíyù tó ń ta kẹ̀kẹ́ ológeere. Ó gbé méjì síta. Ìjókòó ọ̀kan fẹ̀, ó ní sípíríngì, èèyàn á nàró lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń fàlẹ̀. Ìkejì fúyẹ́, taya rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, èèyàn á tẹ̀ba bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Tìrìmísíyù ní, Bàbá, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ìtura ni kẹ́ ẹ mú. Mo ní ìyàwó mi ò sí nílé, kí ni mo fẹ́ fi ìtura ṣe. Mo mú èyí tó yá.

Nọ́ńbà wà lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà, láti orí ọ̀kan dé méje, Tìrìmísíyù pè é ní jíà. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo fi sí ọ̀kan, ó rọrùn. Lójoojúmọ́ ló ń le sí i, mo rò pé ara mi ló ń kú lọ. Ní Fúráìdè mo fi sí márùn-ún, ìbàdí mi bá gan lórí òkè, mo jókòó sínú koríko títí aago mẹ́rin fi kọjá. Nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kí n wọlé. Lọ́jọ́ kejì mi ò lè dìde, Agnes ló lọ. Ó ní ìyá rẹ béèrè pé ṣé ọ̀rọ̀ òun ti sú mi ni.

Ọmọ mi, gbọ́ mi. Mo ti pinnu pé kí oko kú, kí n máa gun èyí tó ń fàlẹ̀ kúrò nílé láàárọ̀ kùtù. Tìrìmísíyù á gbà á pààrọ̀ bí mo bá fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un. Jọ̀ọ́, fi owó náà rán ẹni tó bá ń bọ̀. Bí kò bá sí, ìwọ fúnra rẹ wá, kí o sọ fún ìyá rẹ pé mo dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù ní Fúráìdè yẹn.

Ọlọ́run má jẹ́ kí o pẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fábíyìí