Irun Tí Mo Fi Dán Ẹ̀rọ Wò

Màámi, àárò yín ń sọ mí. Ooru ibí pọ̀, àmọ́ koko lara ọta ń le, bẹ́ẹ̀ lara mi le.

Lánàá, mo fẹ́ dán ẹ̀rọ tá a fi ń wá májèlé mẹ́kúrì nínú irun àwọn awakùsà wò. Irun tó mọ́ la fi ń dán an wò, ni mo bá gé tèmi. Ẹ̀rọ ní májèlé kún un. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ ti ya wèrè. Ó fi irun tiẹ̀ sí i: ó mọ́ tónítóní. A tún fi tèmi sí i. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Kò sí nǹkan kan o. Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ má bínú pé ohùn ni mo fi ránṣẹ́. Ọwọ́ mi ò lè di bírò mú, òtútù ló ń mú un gbọ̀n.