Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Eladio Montoro Quesada, Ẹni Tí Kì Í Fọ Abọ́ Nítorí Gìtá

Ìlú Úbeda, níbi tí igi ólífì ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, ni a ti bí olóògbé Eladio Montoro Quesada ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 1946. Basilio Montoro, tó ń fi ọ̀pá lu ólífì nínú oko olóko, ni bàbá wọn. Tránsito Quesada, aránṣọ, ni ìyá wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé méjèèjì tó ta gìtá rí. A tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà di ẹ̀bi ru àwọn òkú wa àtijọ́.

Bàbá wa Eladio lọ sí ilé ẹ̀kọ́ títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ iṣẹ́ táìlì lílẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe títí di ọdún 2014, kò sì sí àdúgbò kan ní ìlú yìí tí ọwọ́ wọn kò kan ilẹ̀ ibẹ̀. Ní ọdún 1971 wọ́n fẹ́ Angustias Lorite, Ọlọ́run sì fi Loreto àti Ginés ta wọ́n lọ́rẹ. Ní gbogbo ìgbà yẹn, a jẹ́rìí sí i pé Bàbá ń fọ abọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n lọ ń kọ́ gìtá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ Maravillas Ortuño. Ìwé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò yọ wá lẹ́nu. Ọdún 2018, nígbà tí wọ́n bọ́ sí orin àwọn tó ti gòkè díẹ̀, ni wàhálà dé. Nínú orin kan báyìí, àtàǹpàkò ló ń ta ohùn ìsàlẹ̀, ìka òrùka ló ń kọ orin gan-an lókè, àwọn ìka yòókù sì ń kùn láàárín. Olùkọ́ ń bù ú fún wọn díẹ̀díẹ̀: ìlà kan lọ́sẹ̀, ohùn òkè lọ́tọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n tó pa á pọ̀. Bàbá kò ní sùúrù kankan.

“Alàgbà Eladio, ta ní ń lé yín?” ni olùkọ́ máa ń bi wọ́n. “Ẹ rọra. Ìka òrùka yín ń pariwo bí ẹni ń fọ́ táìlì. Ẹ tọ́jú èékánná yẹn, òun ló ń mú ohùn dùn.”

Wọ́n gbọ́, wọ́n sì gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ń gé èékánná ọwọ́ òsì tó ń tẹ okùn gìtá kanlẹ̀, wọ́n dá tọ̀tún tó ń ta á sí, wọ́n ń fi sáńpépà dán an láàárọ̀ lálẹ́. Wọn ò fọ abọ́ mọ́. Wọn ò bó ọsàn, wọn ò ṣí fèrèsé. Nígbà ìkórè ólífì, tí gbogbo ẹbí ń làágùn, Bàbá wọ ìbọ̀wọ́ wá sóko, wọ́n jókòó ti oúnjẹ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tó ń gbé ère Olúwa wa ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ kò lè gbàgbé: ẹni tó ti ń fi èjìká gbé e láti ìgbà ọ̀dọ́ ló dédé ní àbẹ́là lòun ó máa gbé, ọwọ́ òsì sì ni.

“Eléèékánná, ẹ wá bá mi fọ ìkòkò yìí!” ni Màmá máa ń kígbe.

“Ìyá Loreto, ṣé o fẹ́ ba ọjọ́ iwájú mi jẹ́ ni?”

“Ọjọ́ iwájú wo, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún? Ẹ sáà sùn lálẹ́ òní, ẹ ó rí ohun tí àlùmọ́gàjí máa ṣe.”

Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá ń fẹ́ ni kí wọ́n ta orin yẹn fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níbi àpéjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóṣù kẹfà. Ní 2022, ilẹ̀kùn ọkọ̀ Ginés ṣẹ́ èékánná ìka òrùka náà nígbà tí àpéjọ ku ọ̀la. Bàbá gé díẹ̀ lára bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì tí Nieves ọmọ-ọmọ wọn fi ń ṣeré, wọ́n fi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìka bí èékánná. Wọn ò tíì ta dé ìlà kejì tó fi fò lọ bá àlùfáà ní ìjókòó iwájú. Bàbá gbé gìtá sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń wá a kiri níwájú gbogbo ìlú. Ní 2023, ilẹ̀kùn fíríìjì ló ṣẹ́ ẹ, a sì fi oṣù méjì gbọ́ èébú.

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún yìí, olùkọ́ fúnra rẹ̀ sọ fún wa pé orin náà ti mọ́ wọn lọ́wọ́. Bàbá kò jẹ́ ká gbọ́ ọ. Wọ́n ní ká dúró de oṣù kẹfà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún 2024, wọ́n jẹun ọ̀sán, wọ́n lọ rẹjú, wọn ò jí mọ́. Èékánná márààrún pé. A ò ní purọ́ níwájú pósí: kí omi ojú tó dé, inú ló kọ́kọ́ bí wa.

Wọ́n fi ìyàwó sílẹ̀, àti Loreto, Ginés, àwọn ọmọ-ọmọ wọn Nieves àti Basilio kékeré, pẹ̀lú olùkọ́ wọn, tí ẹkún rẹ̀ kò kéré sí tiwa.

Nígbà tí obìnrin tó ń tọ́jú òkú rí ọwọ́ méjèèjì, ó ní, “Màmá, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Ẹ jẹ́ kí n gé e kó lè dọ́gba.” Ó ti mú àlùmọ́gàjí dání.

Màmá já a gbà. “Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀! Ọdún mẹ́fà ni mo fi dá fọ abọ́ kí èékánná yẹn lè gùn. Wọ́n á mú un lọ bẹ́ẹ̀.”

Bàbá wa, ẹ sùn re. Kí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún yín. Ẹ̀yin ẹ má fọwọ́ kàn án.