Bí Wọ́n Ṣe Wọn Ojú Mi Tó Yọ Ṣónṣó

Ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo gbà pé ara rẹ le, pé o ń jẹun, pé o sì ń sùn bí èèyàn. Èmi náà wà láàyè, eegun nìkan ló ń ráhùn. Bàbá rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi oyin sí i.

Ó ti sọ fún ọ pé mo ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Kò lè sọ bó ṣe rí, nítorí ẹ̀rù bà á jù láti wo ohunkóhun. Èmi ni màá sọ ọ́.

O mọ̀ pé ojú òsì mi ti lọ. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni wọ́n yọ kùrukùru inú rẹ̀, wọ́n sì fi lẹ́ńsì kékeré, bí awò tó ń gbé inú ojú, rọ́pò rẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣírò agbára lẹ́ńsì náà bí ẹni pé ojú mi rí bí ojú gbogbo ayé. Látìgbà náà, n kò fi rí òkèèrè, n kò fi rí ìtòsí. Ọ̀tún ló kù. Nígbà tí kùrukùru bo òun náà, tí mo ń fi ìka wá abẹ́rẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo mọ̀ pé bí wọ́n bá tún ṣi ìṣirò yìí, aránṣọ kú nìyẹn, ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ kiri ló kù.

Dókítà obìnrin kan ni wọ́n júwe fún wa. Ọkùnrin abikùn kan ló ń wọn ojú níbẹ̀. Ó ní kí n gbé àgbọ̀n lé irin, kí n la ojú, kí n má mira. Iná yọ níwájú mi, òrùka nínú òrùka, bí ìgbà tí òkúta bá bọ́ sómi. Lẹ́yìn náà ó fi àwòrán ojú mi hàn wá lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní awọ tó mọ́ gaara bíi gíláàsì níwájú ẹyinjú máa ń rí roboto lójú ẹlòmíràn. Tèmi yọ ṣónṣó nísàlẹ̀ bí òkè. Ẹnu yà mí. Láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń gbé òkè kiri níwájú ojú, n kò mọ̀.

Àmọ́ nọ́ńbà kò dúró. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó rí iye kan. Ó tún un wọ̀n, ó rí òmíràn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀tọ̀. Mo ní, "Ẹ̀rọ rẹ ń purọ́." Ó ní, "Màmá, ogún èèyàn ló ti wọ̀n láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ bá a jà."

Dókítà wọlé. Kò wo ẹ̀rọ, èmi ló ń wò. Ó ní, "Màmá, ìgbà wo lẹ ṣẹ́jú kẹ́yìn?" Mo ní, "Ṣebí ẹ ní kí n má mira? Látìgbà tí mo ti jókòó, n kò tíì ṣẹ́jú!" Mo tilẹ̀ ń fi ṣe fọ́ńté. Abikùn rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Àṣé omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lójú tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣẹ́jú ló ń tẹ́ ká ẹyinjú. Tó bá gbẹ, ẹ̀rọ á máa sọ ìsọkúsọ. Agídí mi ló fẹ́ fọ́ mi lójú. Wọ́n fún mi ní oògùn tí màá máa kán sí i, wọ́n ní kí n padà wá.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo padà lọ. Àwọn nọ́ńbà súnmọ́ra, wọn ò dọ́gba tán. Dókítà wá jókòó tì mí, ó là á yé mi. Bí awọ iwájú ẹyinjú yẹn ṣe tẹ̀ àti bí ojú ṣe gùn dé ẹ̀yìn ló fi ń ṣírò lẹ́ńsì, àmọ́ ojú roboto ni ìṣirò náà mọ̀. Lórí òkè tèmi, ẹ̀rọ á rò pé awọ náà lágbára ju bó ṣe rí lọ, á sì yan lẹ́ńsì tí agbára rẹ̀ kò tó. Ó ní, "Ohun tí ẹ̀rọ bá sọ, màá gbọ́, àmọ́ n kò ní gbà á tán. Màá fi díẹ̀ lé e."

Mo ní, "Dókítà, abuké nìyẹn." Ó ń wò mí. Mo ní bí abuké bá wá rán ẹ̀wù, tí o gé aṣọ lé ohun tí téèpù sọ, ẹ̀yìn ẹ̀wù á ká sókè. Aránṣọ gidi á fi ohun tí téèpù kò mọ̀ kún un. Ó pàtẹ́wọ́. "Màmá, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe." Mo ní irọ́ ni, bí tèmi bá bàjẹ́, mo lè tú u.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bi yín: bí mo bá tàsé díẹ̀, apá ibo ni kí n tàsé sí? Ìtòsí lẹ fẹ́ máa rí láìlo awò ojú, àbí òkèèrè?" N kò gbọ́ kí dókítà sọ pé "bí mo bá tàsé" rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n gbé ojú mi fún un. Mo ní, "Ibi tí ọwọ́ mi bá dé, ibẹ̀ ni kí n rí."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ó fi lẹ́ńsì náà hàn bàbá rẹ, bàbá rẹ dijú. Kò tó bọ́tìnnì ẹ̀wù ọmọ ọwọ́. Wọ́n ká a bí aṣọ, wọ́n tì í gba ihò bíńtín kan, ó sì tú ara rẹ̀ nínú ojú mi. N kò mọ ìrora. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni mo rí tó ń ṣàn.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò wo ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ mi ni mo gbé sókè. Mo rí ìlà àtẹ́lẹwọ́, mo rí àpá abẹ́rẹ́ lórí ìka, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Háà." Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀wù funfun lásán ni, kò ní ojú, kò ní imú. Ohun tí mo yàn nìyẹn. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ṣírò lórí òkè tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò lè gùn, ó sì bọ́ sí ibi tó ní òun máa bọ́ sí. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Mo délé, mo ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì ló wọlé, n kò ní purọ́. Mo wá gbé ẹ̀wù tí mo ń rán lọ́wọ́ kí n tó lọ. Ibi tí mo rán wọ́ bí ipa ejò! Ọdún méjì ni mo fi ń rán irú rẹ̀ fáwọn èèyàn, wọ́n ń wọ̀ ọ́ jáde, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá.

Ìwọ náà, awò ojú tí o ń pààrọ̀ lọ́dọọdún yẹn, bẹ́ẹ̀ ni tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní irú ojú yìí máa ń rìn nínú ẹbí, àti pé bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè dá òkè náà dúró kó má ga sí i. Lọ kí wọ́n wọn tìrẹ. N kò bẹ̀ ọ́ o, mo rán ọ níṣẹ́ ni.

Ojú rẹ kò ní ríbi. Ẹni tó mọṣẹ́ ni wàá máa bọ́ sí lọ́wọ́. Wàá pẹ́ láyé jù mí lọ fíìfíì.

Èmi ni,
Ìyá tó bí bàbá rẹ.

Àfikún: Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí mo rán sí ọ nígbà tí o ríṣẹ́, fi ránṣẹ́ padà. Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fọ́tò tí o yà nínú rẹ̀ hàn mí, mo sì gbé e súnmọ́ ojú. Apá kan gùn ju èkejì lọ, ìwọ sì ń rẹ́rìn-ín.