Kọ̀ǹpútà Ògbólógbòó àti Ojú Òsì Mi

Yàrá Kọ̀ǹpútà,
Ilé-Ìwòsàn Ojú,
Òpópónà Ilé-Ẹjọ́.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyàwó yín ti fúyẹ́? Ara tèmi le, àfi ojú. Ọ̀rọ̀ ojú ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé, tèmi àti tiyín. Mi ò pè yín lórí fóònù torí ẹ ó ní ọkọ̀ lẹ̀ ń wà, ẹ ó sì gé e mọ́ mi létí.

Inú kọ̀ǹpútà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ògbólógbòó tí mo máa ń ráhùn nípa rẹ̀, èyí tó ń darí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ẹ̀yìn ojú àwọn aláìsàn. Línúùsì àtijọ́, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ló wà nínú rẹ̀, a ò sì lè pààrọ̀ rẹ̀, torí ẹ̀rọ náà ò gbọ́ èdè mìíràn. Dókítà wa wá gbọ́ nípa ètò tuntun kan tó máa ń tètè rí ibi tí ojú ti ń kú lọ. Ètò náà ò bá Línúùsì àtijọ́ ṣe. Mo ní kò burú, n ó gba kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n fi kọ ọ́, n ó sì fọwọ́ ara mi kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà wa.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ètò náà ní òun ń fẹ́ ètò mìíràn tó jẹ́ tuntun kóun tó lè ṣiṣẹ́. Mo kọ́ ìyẹn, òun náà tún ń fẹ́ òmíràn. Wọ́n fà mí títí mo fi dé ọ̀dọ̀ ìyá gbogbo wọn, àkójọ kóòdù tí ètò kankan ò lè mí láìsí i. Mo kọ́ tuntun rẹ̀, mo sì fi í rọ́pò ti àtijọ́ dípò kí n wá àyè ọ̀tọ̀ fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi, kọ̀ǹpútà kú. Kò lè to fáìlì, kò lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo tí mo ti ṣí tẹ́lẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà láti máa tẹ àṣẹ ló kù tó ń gbọ́ mi. Àwọn aláìsàn sì ti jókòó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dókítà wọlé, wọ́n ní, "Ṣebí kó o pa á, kó o tún tàn án ni?" Wọ́n ti nawọ́ sí bọ́tìnnì. Mi ò mọ ìgbà tí mo di ọwọ́ ọ̀gá mi mú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tẹ́ ẹ bá pa á, kò ní jí mọ́." Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú.

Ohun tó yọ mí ni pé àkójọ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo ti gbé fún tuntun. Láti inú fèrèsé yẹn, mo dá orúkọ padà fún un, gbogbo nǹkan sì jí. Mo wá gbé tuntun sí fódà tirẹ̀, bí orogún méjì tí oníkálukú ní ilé ìdáná tirẹ̀. Ètò Dókítà ṣí.

Wọ́n ń fẹ́ ojú ẹnìkan tí wọ́n máa fi dán an wò. Mo jókòó, mò ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí wọ́n yà mí kó gún régé. Dókítà wo àwòrán náà. Wọ́n tún un yà. Wọ́n wá fa àga sún mọ́ mi, wọ́n ní iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ ti ń kú nínú ojú òsì mi, àti pé kì í dunni, ìdí nìyẹn tí èèyàn kì í fi í mọ̀. Èmi tí mò ń ka lẹ́tà wínníwínní látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Wọ́n ní oògùn kíkán sójú á dá a dúró, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ. Wọ́n bi mí bóyá mo ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, torí àrùn náà máa ń rìn nínú ẹbí. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni mo ní, ọkọ̀ ọmọ ilé-ìwé ló ń wà.

Bí mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni mo rántí ọlọ́kadà tẹ́ ẹ ní ó ṣàdédé yọ sí yín lápá òsì lóṣù tó kọjá, tí gbogbo wa jọ bú u.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ẹ fún ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà lónìí, ẹ̀gbọ́n mi, kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ èrò wá bá mi, kí Dókítà ya ojú tiyín náà wò.

Èmi àbúrò yín tí ẹ̀rù ń bà,
Ajíkọ̀ǹpútà.