Ilé Ẹyẹ Tí Bàbá Tún Kàn

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà, ẹ̀yin àti ọkọ yín? Ṣé ara àwọn ọmọ le? Gbogbo ilé ń kí yín. Oògùn orúnkún tí ẹ fi ránṣẹ́ bá Màmá lára mu, wọ́n ti ń dá gun àtẹ̀gùn.

Àmọ́ ẹjọ́ Bàbá ni mo fẹ́ rò fún yín, torí inú ń bí mi gidi!

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ọmọbìnrin mi lu ihò sára ìgò oníke kan, a ki ṣíbí onígi bọ̀ ọ́, a wá da ọkà bàbà sínú rẹ̀ kí ẹyẹ lè máa ṣà á jẹ lórí ṣíbí. Ó wọ́ díẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ igi, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Ká tó jí lọ́jọ́ kejì, Bàbá ti já a dànù! Wọ́n ti fi pákó kan òmíràn, pẹ̀lú òrùlé àti fèrèsé. Wọ́n ní, "Ṣé irú jákujàku yẹn ló yẹ kí wọ́n bá nílé káfíńtà?" Ọmọ ò tiẹ̀ sunkún. Ó kàn ní, "Ẹ ṣé, Bàbá àgbà," ó sì wọlé lọ. Kò dárúkọ ẹyẹ mọ́ látìgbà yẹn.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Bàbá, tèmi kì í wọ̀ wọ́n létí. Ẹ rán wọn létí àpótí tí ẹ kàn nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí wọ́n tú palẹ̀, tí wọ́n sì tún kàn. Títí dòní, wọ́n ṣì máa ń bi mí pé kí ló dé tí ẹ kì í fẹ́ fọwọ́ kan òòlù.

Èmi àbúrò yín.