Ta Ló Mú Aláǹgbá, Ta Ni Wọ́n Fi Sọ Ọ́ Lórúkọ?

Ọmọ mi Evaristo,

Báwo ni ara ẹ? Báwo ni Hermosillo àti ooru rẹ̀? Wúńdíá Guadalupe kò ní fi ẹ́ sílẹ̀, bó o ṣe ń jáde lówùúrọ̀ náà ni wàá máa wọlé nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ẹ kò ní kọ, ọkọ̀ kò ní kọlù ẹ́, obìnrin burúkú kò sì ní fojú sí ẹ lára. Àmín. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òjò kò tíì rọ̀, màlúù aláwọ̀ eérú ti bí, ewúrẹ́ Doña Tacha aládùúgbò wa tún wá jẹ kọ́tìnì mi láti ojú fèrèsé, ó sì dúró níbẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹ tiẹ̀. Mo ti kí ẹ tán. Ó yá, jókòó, torí inú ń bí mi.

Lupita, ọmọ Doña Tacha, ló mú fóònù ẹ̀ wá lọ́jọ́ Ìsinmi, ó ní kí n wá wo nǹkan tí Evaristo gbé jáde. Mo wò ó. Aláǹgbá wa ni! Aláǹgbá orí àpáta ẹ̀yìn ilé wa, tó ní ọ̀já dúdú méjì lọ́rùn, tí ikùn rẹ̀ pupa, tí ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ. Lupita kà á fún mi pé ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ti wádìí ẹ̀ dájú, ẹ ti ka ìpẹ́ ara ẹ̀, ẹ ti fi wé gbogbo àwọn tí ayé mọ̀, ẹ sì rí i pé irú rẹ̀ kò sí níbòmíràn. Inú mi dùn, mo ti fẹ́ máa jó, àfi bó ṣe kà á dé ibi orúkọ. Aláǹgbá Villaseñor! Villaseñor kẹ̀? Ọ̀gá ẹ? Evaristo, ṣé orí ẹ pé? Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo lẹ wò?

Ṣebí ọkùnrin yẹn sùn sílé mi nígbà tẹ́ ẹ wá wá aláǹgbá. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ló sùn sí, èmi àti bàbá ẹ sùn sílẹ̀. Ó jẹ tòtíyà àgbàdo tí mo yan, ó jẹ ẹ̀wà mi, ó jẹ ẹran gbígbẹ tí mo fi pamọ́ de Kérésì, ó ní ata ti pọ̀ jù, ó sì tún na àwo kí n bù sí i. Ìgbà náà ni ọmọńlé kékeré kan, ọmọńlé lásán o, èyí tí kò tó ìka mi, já bọ́ láti ara ògiri sínú ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé bẹ́ sórí tábìlì mi, ó ń pe gbogbo ẹni mímọ́ lórúkọ, kọ́ọ̀bù kọfí mi méjì ló fọ́. Ẹni tó ń sá fún ọmọńlé lẹ fi orúkọ ẹ̀ sọ aláǹgbá! Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, wọ́n ní a ò mọ èyí tínú ń run. Inú èmi ló ń run báyìí, kó o mọ̀. O sì rí i pé "ó" ni mò ń pè é, mi ò pè é ní "wọ́n". Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ náà ti tán nílé yìí, òun àti ẹran gbígbẹ.

Ta ló mú aláǹgbá náà? Ta ló fa irun ìrù ẹṣin, tó fi ṣe ojóbó sórí igi gbígbẹ, tó fàyà fà lórí àpáta gbígbóná títí oòrùn fi kan àtàrí? Bàbá ẹ Crisóforo ni. Ìwọ náà wà níbẹ̀. O rí bí wọ́n ṣe na igi náà díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n fi ojóbó bọ̀ ọ́ lọ́rùn kó tó fura. O sì rí bí àpáta ṣe yẹ̀ lábẹ́ wọn. Bí wọ́n ṣe ń yí bọ̀ látòkè, ọwọ́ tó di aláǹgbá mú ni wọ́n gbé sókè kó má bàa fara pa. Ọ̀gá ẹ dúró nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, lábẹ́ agboòrùn, ó ń pariwo pé kí wọ́n ṣọ́ra, kí ìrù má já! Ìrù aláǹgbá ni o. Egungun ẹsẹ̀ bàbá ẹ ló kán, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìyẹn.

Kódà fóònù tó o rà fún mi kò lójú àánú. Kí ọ̀gá ẹ tó gbé aláǹgbá lọ, mo ní kí n ya aláǹgbá náà àti bàbá ẹ ní fọ́tò, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn tí a fi igi dì. Àmì yẹ́lò tó máa ń yí ojú èèyàn ká nínú fóònù, ojú aláǹgbá ló lọ yí ká. Mo gbé e sọ́tùn-ún, mo gbé e sósì, ó kọ bàbá ẹ. Mo bú u títí ó fi kú lọ́wọ́ mi. Lupita tún wá ní ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi ọkàn pupa ránṣẹ́ sí aláǹgbá náà. Aláǹgbá ní ọkàn tiẹ̀, kí ló fẹ́ fi ti ẹlòmíràn ṣe? Kò sì sí ẹyọ kan fún bàbá ẹ.

Látìgbà tí bàbá ẹ ti gbọ́ orúkọ yẹn ni wọ́n ti kọjú sógiri. Wọn ò jẹun. Kọfí nìkan ni wọ́n ń mu, wọ́n á mu ún tán, wọ́n á tún yíjú. Mo bẹ̀bẹ̀, mo pariwo, mo din ẹyin, wọ́n fa aṣọ borí. Ẹ̀rù bà mí, Evaristo. Bàbá tèmi náà kọjú sógiri báyìí, wọn ò sì yí i padà mọ́.

Mo wá ro ó. Nígbà tí mo bí ẹ, Procopio ni bàbá àgbà ẹ ń pè ẹ́, àmọ́ torí pé èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, Evaristo lò ń jẹ́ dòní. Orúkọ tó bá wà nínú ìwé ìjọba lorúkọ. Ọ̀gá ẹ, inú ìwé ara ẹ̀ ló kọ tiẹ̀ sí. Mo bá ní kí Tiburcio, àbúrò bàbá ẹ, mú irú aláǹgbá náà kan wá. Mo fi í sínú agolo kọfí, mo dá ihò sí ìdérí, mo mú Tiburcio àti Doña Tacha ṣe ẹlẹ́rìí méjì bí òfin ṣe wí, a wọ bọ́ọ̀sì. Mo sọ fún ọmọbìnrin ọ́fíìsì pé mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀, Crisóforo Bojórquez, orúkọ bàbá ẹ gan-an. Ó yọ̀ mọ́ mi, ó ní òun fẹ́ rí ọmọ náà. Mo ṣí agolo. Ó fà sẹ́yìn. Ó béèrè orúkọ ìyá rẹ̀, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, abẹ́ àpáta ló ń gbé. Ó ní kí ìyá wá fúnra ẹ̀. Mo bi í pé níbo ló ti rí aláǹgbá tó ń jókòó tọ́mọ. Ó ní bí kò bá sí ìyá, kí n mú ìwé ìrìbọmi wá.

Ó dáa, a gba ọ̀dọ̀ Fada Anselmo lọ. Fada ní àwọn ò lè ri aláǹgbá bọmi. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ ń wọ́n omi mímọ́ sí adìyẹ àti ajá àti ayékòótọ́ gbogbo abúlé lọ́jọ́ San Antonio, tí ẹ wọ́n ọn sí ẹlẹ́dẹ̀ Tiburcio tí a sì pa á jẹ lọ́sẹ̀ kejì, kí ni aláǹgbá ṣe yín? Wọ́n ní ìbùkún yàtọ̀ sí ìrìbọmi. Ibi tí a ti ń jiyàn ni Crisóforo kékeré ti fò jáde nínú agolo, ó gun aṣọ pẹpẹ, ó dúró síbẹ̀, ó ń mi orí sí Fada. Wọ́n ní ká jáde.

Mo délé, mo jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mò ń sunkún ìbínú, mò ń ròyìn gbogbo ẹ̀ fún ẹ̀yìn bàbá ẹ. Nígbà tí mo dé ibi aṣọ pẹpẹ, mo rí i tí ẹ̀yìn yẹn ń gbọ̀n. Mo rò pé ikú ti dé. Ẹ̀rín ni! Wọ́n yíjú padà, wọ́n ní kí n gbé oúnjẹ wá. Wọ́n jẹ tòtíyà, ọmọ mi, wọ́n fi wàràkàṣì jẹ ẹ́, wọ́n tún béèrè òmíràn. Wọ́n wá rọra sọ fún mi pé kí ọ̀gá ẹ máa gbé èyí tó gbà lọ, òmíràn ń bẹ. Lẹ́yìn kànga oníyọ̀, lórí àpáta pupa. Kò ní ọ̀já lọ́rùn rárá, ìrù ẹ̀ kúrú, ọ̀fun ẹ̀ pọ́n, àmì búlúù wà ní ìhà ẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń rí i, àwọn ò sì fi han ọ̀gá ẹ torí kò béèrè. Tiburcio ti ń gbẹ́ ọ̀pá tí wọ́n á fi ti ara wọn débẹ̀.

Nítorí náà, máa bọ̀. Má sọ fún ọ̀gá ẹ. Bó bá béèrè, sọ pé màlúù ló bí, irọ́ kọ́. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, ti oníṣègùn eegun, ti kọfí, torí agolo wa ṣì wà lọ́dọ̀ Fada, àti ti kọ́tìnì, torí ewúrẹ́ yẹn ti ń wo èyí tó kù.

Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ, wàá jèrè ìwé tó o kà, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ kò ní di ti ẹlòmíràn, àwọn ọmọ tí wàá bí á jẹ́ orúkọ ilé wọn. Àmín.

Èmi ni ìyá ẹ,
Hermelinda.

Díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ orúkọ. Mo rò pé Crisóforo la máa fún ti ẹ̀yìn kànga. Bàbá ẹ ní rárá. Wọ́n ní aláǹgbá yẹn kì í sá fún ẹnikẹ́ni, orí òkúta ẹ̀ lá dúró sí, ọ̀fun ẹ̀ á wú, á máa mi orí sí gbogbo ohun tó bá ń kọjá, ì báà ṣe ejò, ì báà ṣe màlúù. Wọ́n ní látọdún tí wọ́n ti gbé mi wọlé làwọn ti ń fi orúkọ mi pè é, àwọn kàn ò sọ fún mi ni. Mo bú wọn. Mo ní ẹni tó bá fi ìyàwó ẹ̀ wé aláǹgbá, kó má retí oúnjẹ alẹ́. Evaristo, H tí a kì í pè ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi o. Má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ẹ̀.