Ibi Tí Bàbá Olúrẹ̀mí Dúró Sí: Ìtàn Ayé Olóògbé Babátúndé Ezekiel Fálúyì, Fọtógíráfà Ìlú àti Òkè (1949–2007)

Ní abúlé Ìsẹ̀gbà, lẹ́yìn Ìlógbò-Èkìtì, ni a ti bí Olóògbé Babátúndé Ezekiel Fálúyì, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1949. Samuel Fálúyì, àgbẹ̀ oníṣu àti baba ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ni bàbá wọn. Abigail, ọmọ bíbí Ìrè-Èkìtì, ni ìyá wọn. Bàbá àgbà wọn ti kú ní oṣù méjì ṣáájú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ Babátúndé. Alárìnkiri ni bàbá àgbà náà, àwọn àgbà ilé sì máa ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó jogún gbogbo nǹkan, kó má sáà jogún ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ náà gan-an ni wọ́n jogún.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà ní ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ọdún méjì kún un ní Ìfàkì, wọ́n sì lọ kọ́ iṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìbàdàn ní 1967. Odidi ọdún kan àbọ̀ ni ọ̀gá náà kò fi jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan kámẹ́rà. Omi ni wọ́n ń pọn sí yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò.

Ní 1973, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìkọ̀lé. Ní 1975, wọ́n gbé Adébísí níyàwó, olùkọ́ tó wá ya fọ́tò, tó sì padà wá sọ pé ojú òun kọ́ nìyẹn. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ Ìkọ̀lé tó ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá nígbà náà tí kò jókòó lórí àpótí Bàbá wa kó tó kọ orúkọ sílẹ̀.

Ní 1997, ọdún kan lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, àwọn kan tó ń tẹ kàlẹ́ńdà ní Ìbàdàn ní kí Bàbá wa máa ya ìlú àti òkè káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, ọjọ́ orí tí ẹlòmíràn ti ń dín ìrìn kù. Àwọn ènìyàn rò pé fàájì ni. Ní Kano, eruku ọyẹ́ wọ inú kámẹ́rà, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó sí páákì kí ojú ọ̀run tó là. Ní Lokoja, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gun òkè láti rí ibi tí odò méjì ti pàdé, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò lé wọn sọ̀kalẹ̀. Lórí òkè Mambilla, òtútù mú wọn débi pé gbogbo aṣọ tí Màmá wa dì fún wọn ni wọ́n wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́tà tí wọ́n kọ láti Jos ṣì wà lọ́wọ́ wa: “Adébísí, ó ti rẹ̀ mí. Ìlú yìí dára, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè fi ìlú tó dára ṣe ìrọ̀rí.”

Nítòsí ilé ni iṣẹ́ náà tún wá le jù. Tí wọ́n bá gbé kámẹ́rà dé Igbole láti ya oko kòkó, gbogbo àdúgbò á lọ wẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tò síwájú igi. Wọ́n á ní, “Ewé lásán-làsàn lẹ fẹ́ yà? Ẹ̀yin ò rí ènìyàn ni?” Bàbá wa á yà wọ́n tán kí àlàáfíà lè wà, wọ́n á wá jókòó sábẹ́ igi títí oòrùn á fi lé oníkálùkù wọlé.

Ní oṣù kọkànlá 1998, wọ́n wá ya Àpáta Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, tó wà láàárín Ìsẹ̀gbà àti Ùsálò, abúlé kejì. Apá Ùsálò ni wọ́n dúró sí, nítorí ibẹ̀ ni oòrùn àárọ̀ ti ń kọ́kọ́ kan àpáta náà. Ìdájí mẹ́ta ni ìkùukùu kò fi jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan. Madam Mobọ́lá, ọmọ Ùsálò tó ń dá oko síbẹ̀, ló ń fi iṣu sísun gbà wọ́n lálejò. Nígbà tí ìkùukùu ká lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n yà á: àpáta, ebè iṣu lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ahéré Madam Mobọ́lá pẹ̀lú èéfín tó ń rú. Òun ni wọ́n fi ṣe oṣù kìíní kàlẹ́ńdà 1999. Kò sí pálọ̀ tí wọn kò gbé e kọ́ sí ní Ìsẹ̀gbà, títí di oṣù kẹfà kò sì sí ẹni tó ṣí i dé oṣù kejì.

Ní ọdún 2000, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹsẹ̀ àpáta náà dé ilé ẹjọ́. Ìsẹ̀gbà ní ọmọ Ùsálò kankan kò dá oko níbẹ̀ rí. Ọ̀gbẹ́ni Jacob, olórí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí Bàbá wa, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré, ló fi Bíbélì búra lé e. Lọ́jọ́ kejì, lọ́yà Ùsálò na kàlẹ́ńdà sókè. Ilé ẹjọ́ ní kí ẹni tó yà á wá. Kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn àgbà wá bá Bàbá wa ní Ìkọ̀lé, wọ́n ní kí wọ́n sáà sọ pé àpáta ibòmíràn ni, ṣebí àpáta pọ̀ ní Èkìtì. Lọ́jọ́ náà, Bàbá wa bá àwọn ará Ìsẹ̀gbà wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ẹjọ́. Adájọ́ bi wọ́n ní ibi tí wọ́n dúró sí àti ẹni tó ni oko. Wọ́n ní, “Inú oko Mobọ́lá ni mo dúró sí. Iṣu rẹ̀ ni mo jẹ.” Ilẹ̀ náà di ti Ùsálò.

Bọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ wọ̀ lọ já Bàbá wa nìkan sílẹ̀ ní Ìfàkì nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ọ̀kadà ni wọ́n gùn dé Ìkọ̀lé. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹgbẹ́ yọ orúkọ wọn. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìsẹ̀gbà lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹgbẹ́ ẹni ló ń gbẹ́ ilẹ̀ ìsìnkú fún ẹni níbẹ̀, ẹni tí a bá yọ kò ní ẹni tí yóò gbẹ́ tirẹ̀. Àgbàlá bàbá wọn ni Bàbá wa fẹ́ sùn sí lọ́jọ́ alẹ́. Kò sí ìlú tí wọ́n yà tí wọ́n fẹ́ gbé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wọ́n ju gbogbo ìrìn tí wọ́n rìn lọ, ó sì dun àwa náà.

Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé obì lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ nígbà Kérésìmesì, wọ́n á jókòó síta, wọ́n á tún gbé e padà. Nígbà tí bàbá wọn kú ní 2002, ẹgbẹ́ bàbá náà wá gbẹ́ ilẹ̀, ẹgbẹ́ tiwọn kò yọjú. Màmá àgbà, ìyá tó bí wọn, bẹ Bàbá wa pé, “Sáà ní irọ́ lo pa, kí o lè padà wá ulé.” Wọ́n ní, “Irọ́ gba agbára, Màámi, ó sì ti rẹ̀ mí.” Wọ́n tún gbé báàgì, wọ́n lọ ya Calabar.

Onígbàgbọ́ ni wọ́n. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ya ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́fẹ̀ẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ máa ń sùn nígbà ìwàásù. Ní 2006, àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún wọn. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní Ìkọ̀lé ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án 2007, ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta.

Wọ́n fi ìyá arúgbó sílẹ̀ sáyé, Màmá Abigail Fálúyì. Aya, Ìyáàfin Adébísí Fálúyì. Àwọn ọmọ: Olúrẹ̀mí ní Ìbàdàn, Dèjì ní Èkó, Fọlákẹ́ ní òkè òkun. Àti àwọn ọmọ-ọmọ: Jùwọ́nlọ, Gift àti Olúwatóyìn.

Ibí yìí ni ìwé yìí parí sí nígbà tí a tẹ̀ ẹ́. Ewé tó tẹ̀ lé e yìí, àárọ̀ òní, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá, ni a sáré fi kún un ní Ìkọ̀lé. Ẹ dákun, ẹ má wo bí ó ṣe rí.

Lánàá, àwọn lébìrà mẹ́ta tí a háyà láti Ìfàkì láti lọ gbẹ́ ilẹ̀ fún Bàbá wa ní Ìsẹ̀gbà padà wá bá wa. Wọ́n ní àwọn bá àwọn bàbá arúgbó márùn-ún nínú ihò. A gbéra lọ sí Ìsẹ̀gbà. Ọ̀gbẹ́ni Jacob ló wà níwájú, ilẹ̀ ti dé orúnkún wọn, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, kò sì sí ẹni tó ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọn kò wo ojú wa. Wọ́n ní, “Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo purọ́. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ulé rẹ̀.” Màmá wa ló rìn dé etí ihò náà, wọ́n wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún gígùn rẹ̀, ọkọ àwọn ga. Ọ̀gbẹ́ni Jacob tún gbé ọkọ́.

Bàbá Olúrẹ̀mí, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ na ẹsẹ̀ yín dáadáa. Ilé lẹ wà, ẹ sùn ire o.